Wúfà Méjì, Áńpù Kan: Ẹ Wo Ẹ̀yìn Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ bá mi wo páálí wúfà yìí, sípíkà tó ń gbé bẹ́ẹ̀sì jáde nínú ọkọ̀. 2000 watts ni wọ́n kọ gàdàgbà-gàdàgbà síwájú. Ẹ gbójú kúrò níbẹ̀ jàre. Ẹ yí i padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí: 400. Ìyẹn ni wúfà lè máa gbà fún wákàtí gbọọrọ. 2000 yẹn, fún bí ìṣẹ́jú akàn ni.

Méjì la fẹ́ gbé sínú búùtù, torí náà áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára, tó ń gbé 800 RMS jáde là ń wá. Ṣùgbọ́n 800 lórí ohm mélòó, ìyẹn òṣùwọ̀n bí wúfà ṣe ń dènà iná? Ibí yìí lowó ti ń ṣòfò.

Ẹ sún mọ́ wúfà yìí. Ẹnu wáyà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pupa méjì, dúdú méjì. Kọ́ìlì méjì, ìyẹn wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀, ló wà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 ohm. Tí mo bá so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ó di 2. Tí mo bá so wúfà kejì mọ́ ọn bákan náà, ó di 1. Bí ohm ṣe ń wálẹ̀ ni iná tó ń jáde lára áńpù ń pọ̀ sí i. Tí ẹ bá so 1 yìí mọ́ áńpù tí kò lè gba ohm tó kéré sí 2, á gbóná, á máa kú fúnra rẹ̀; tí kò bá sì kú, ó lè jó.

Ṣé a ò wá lè so ó kó jẹ́ 2? Rárá o! Wúfà méjì irú èyí, 1, 4 tàbí 16 nìkan ló ń fúnni. Tó bá jẹ́ pé 2 ni áńpù yín fẹ́, wúfà méjì tí kọ́ìlì 2 ohm méjì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ rà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ jọ ra wúfà àti áńpù lọ́jọ́ kan náà tẹ́ ẹ bá dé ọjà Àlàbá ní Èkó.

Gain lára áńpù, bọ́tìnì tó ń mú áńpù bá ìró tó ń wọlé láti inú rédíò mu, kì í ṣe vọ́lúùmù o. Mo ti yí i dópin rí lórí áńpù kékeré. Kò pẹ́, òórùn jíjóná gba inú ọkọ̀. Kọ́ìlì ti lọ.

Wáyà bátìrì ńkọ́? 800 watts lè fa iná tó 70 amps, ẹ má lo wáyà tín-ín-rín. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni kí fíúsì wà.

Ó yá, ẹ gbé mítà tó ń wọn ohm. Kọ́ìlì 4 ohm yóò ka bíi 3.5. Tí kò bá ka nǹkan kan, ẹ má tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.