Ṣé Ariwo Wa Ń Dé Etí Àwọn Tó Ń Ṣe Fíìmù?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi l'Ójúẹlẹ́gba ló ti bẹ̀rẹ̀. Búọ̀dá yẹn, kó máa bá tẹlifíṣọ̀n jà niṣẹ́ ẹ̀ kejì. Oṣù karùn-ún 2019 tí Game of Thrones, eré tẹlifíṣọ̀n HBO yẹn, parí, ṣe ló gbé klípà kúrò lórí mi, ó ní láéláé, òun ò tún ní wo nǹkankan tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yẹn wá mọ́, sísìn méje gbáko lòun fi jókòó tì wọ́n, ìkẹjọ ni wọ́n wá fi da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí òun. Kì í sì ṣe òun nìkan o. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n lọ tún sísìn 8 yẹn yà látìbẹ̀rẹ̀. HBO kọtí ikún sí gbogbo wọn.

Ó dáa, ẹ wá gbọ́ èyí. Ọdún yẹn náà, kò tó oṣù kan ṣáájú, wọ́n gbé tírélà fíìmù Sonic jáde (kì í ṣe tírélà tó ń dínà l'Ápápá o, ìpolówó fíìmù ni). Ẹranko aláwọ̀ búlúù yẹn tá a mọ̀ nínú géèmù, eyín èèyàn ni wọ́n fi sí i lẹ́nu! Ẹ̀rù ba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó fi géèmù yẹn dàgbà bá figbe ta, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni Jeff Fowler tó jẹ́ dírẹ́kítọ̀ dáhùn pé àwọn ti gbọ́, àwọn á tún un ṣe. Wọ́n sún ọjọ́ tí fíìmù náà máa jáde láti oṣù kọkànlá 2019 sí oṣù kejì 2020, wọ́n tún ojú ẹ̀ ṣe, ó sì pa mílíọ̀nù 300 dọ́là ó lé.

Ariwo kan náà, ọdún kan náà, kí ló wá dé? Owó Sonic ṣì wà lápò wa nígbà tá a pariwo. Ti Game of Thrones, wọ́n ti gbowó, wọ́n ti ná an, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ké.

Àwa tá a mọ Ìdúmọ̀tà nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti yé wa tipẹ́. Ṣẹ́ ẹ rántí? Wọ́n á ra fíìmù Yorùbá wálé, pálọ̀ á kún, àwọn ọmọ aládùúgbò á máa yọjú lójú fèrèsé, wàhálà á wá gbóná, bàbá ti kú, wọn ò tíì mọ ẹni tó pa á, ìyàwó kékeré ń sunkún tí omi ò jáde lójú ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti kọ ọ́ wàràwàrà pé ẹ máa retí apá kejì. Hàà! Màmá mi á ṣépè. Á ṣépè fún mákẹ́tà, á ṣépè fún ẹni tó kọ ìtàn, títí kan ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ta ló máa kówó fún mi pé kí n sáré lọ ra apá kejì? Màmá mi yìí náà ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ èpè n'Ídùúmọ̀tà, iye páálí tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kà.

Àwọn kan á ní, ti fíìmù Justice League ńkọ́? Òótọ́ ni. Ọdún 2017, ọmọ Zack Snyder tó ń darí fíìmù náà kú, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, Joss Whedon ló bá a parí ẹ̀, fíìmù yẹn ò dùn, àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn ń fẹ́ ti Snyder gangan. Wọ́n pariwo títí, wọn ò rí ìdáhùn gidi. Ìgbà wo ni wọ́n wá dá wọn lóhùn? Oṣù karùn-ún 2020, tí kòrónà ti ti sinimá pa, tí HBO Max, ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn lóṣù yẹn gan-an, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa máa sanwó lóṣooṣù. Oṣù kẹta 2021 ló jáde, wákàtí mẹ́rin gbáko, ẹ se ìrẹsì yín kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ ní torí wọ́n nífẹ̀ẹ́ yín ni? Èmi ò gbà.

Èyí tó dùn mí jù ni tiwa. Captain America: Civil War, fíìmù Marvel, 2016, Èkó ni ìjà fíìmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀, bọ́ǹbù bú, èèyàn kú, Atlanta ni wọ́n sì lọ yà á. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a bínú, wọn ò mọ̀ pé a wà láyé. Black Panther, fíìmù Marvel míì, wá dé ní 2018, èèyàn rọ́ lọ sinimá, táwọn míì tiẹ̀ wọ aṣọ òkè lọ. Nígbà tí apá kejì fi máa jáde lóṣù kọkànlá 2022, Ryan Coogler tó darí ẹ̀ àtàwọn òṣèré ẹ̀ ti wà l'Ékòó fúnra wọn, tí wọ́n ń fi í hàn wá. Ẹ̀hónú wa kọ́ ló gbé wọn wọ bàálù o, tíkẹ́ẹ̀tì tá a rà ni.

Fúnkẹ́ Akíndélé mọ èyí dáadáa. A Tribe Called Judah, òpin 2023, sinimá sí sinimá ló ń lọ bá àwọn tó ń wò ó, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà nílé sinimá nìyẹn. Ọdún yẹn náà ni àwọn èèyàn jókòó sílé wọn nígbà tí The Marvels jáde, kò kọjá bíi mílíọ̀nù 206 dọ́là lágbàáyé, ẹ ò wá rí i, kò pẹ́ tí ọ̀gá Disney, tó ni Marvel, fi ń sọ pé àwọn á dín iye fíìmù Marvel kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ búọ̀dá mi. Oṣù kẹjọ 2022, HBO gbé House of the Dragon jáde, ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú Game of Thrones, Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn ló wo ìpẹ́sódì àkọ́kọ́. Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti gẹ ọ̀tún, ó ku òsì, ló bá gbé klípà sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, dátà mi ti tán, jọ̀ọ́ bá mi tan hótspọ́ọ̀tù, ó ti jáde." Mo ní kí ló jáde? Kò dáhùn, fóònù ẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ orí mi kan ṣì wà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni kí n ṣe? Mo tàn án fún un.