Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Mọ Òkú Náà

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ̀yin àlejò wa, ẹ kú dédé ìwòyí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé sọ ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí, ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn ni kò gbọ́ mi. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lójú fèrèsé, òjò sì ń lu páànù. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò.

Wọ́n ní kí n sọ bí èèyàn ṣe lè fi ìfẹ́ àti ọ̀fọ̀ tirẹ̀ kọ ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́. Èmi náà ṣe é. Ọkọ mi kú, mo kọ ìwé. Àmọ́ ọdún mẹ́fà ló wà láàárín ikú yẹn àti ìwé yẹn, mẹ́rin nínú rẹ̀ ló sì ṣòfò. Ọdún mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ rò fún yín, kí tiyín má baà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ikú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Ojú ìwé kìíní, wọ́n pè mí láti ọsibítù. Ojú ìwé kejì, mo ṣubú lulẹ̀. Láti ojú ìwé kẹta títí dé 80, ẹkún ni. Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yorùbá. Ó kà á tán, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Mo ní ìwé náà ńkọ́? Ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù náà ni."

Inú bí mi, àmọ́ òun ló jàre. Ẹni tí kò mọ ọkọ mi, kí ni yóò sunkún sí? Ẹni tó ń kọjá lọ ní Sápọn tó rí pósí nínú ọkọ̀, á ṣí fìlà, á ní "ó dàárọ̀", á sì bá tirẹ̀ lọ. Pósítà olóògbé kún ara ògiri ìlú yìí. Ta ló ń dúró kà á? Bí ẹ bá fẹ́ kí òkú kan dun òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé bá a gbélé ná. Kó mọ bó ṣe ń jẹ orí ẹja, ẹni tó jẹ ní gbèsè, orin tó máa ń ṣì kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tiẹ̀ bínú sí i díẹ̀. Nínú ìwé mi tó padà jáde, ìwé ti lé ní ìdajì kí ọkọ yẹn tó kú.

Àwọn tó ń dá ègè, ewì alohùn àwa Ẹ̀gbá, mọ iṣẹ́ wọn. Bí adégè bá dúró ti òkú, oríkì ni yóò kì, ìran rẹ̀ ni yóò tò lẹ́sẹẹsẹ. Kò ní sọ fún wa pé olóògbé yìí kì í dá owó tó bá yá padà. Ohun tí adégè bá gbé mì yẹn, òun gan-an ni àwa ń wá.

Ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ kékeré kan: "wọ́n". Ọkọ mi fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. "Ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, bí mo bá sì ń sọ nípa rẹ̀ fún ẹlòmíràn, "wọ́n" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́: wọ́n jí, wọ́n wẹ̀, wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ẹ fi "wọ́n" kọ ọkùnrin kan tó da ìdọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀, tó ń wá bàtà ẹsẹ̀ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń ṣépè fún bàtà. Ṣe ni yóò dà bíi pé ìgbìmọ̀ ìlú ló wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lóru ọjọ́ kan, mo pa gbogbo "wọ́n" yẹn rẹ́, mo fi "ó" rọ́pò. Ojú tì mí bí ẹni tó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ níwájú ìyá ọkọ. Àmọ́ kílẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin náà ti dìde, ó ti ń purọ́, ó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Mo bá fún un ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtòkú, láàárín àwọn aláàdìrẹ, ó ń tún aago ṣe níbẹ̀. Ọkọ tèmi kò lè tún nǹkan kan ṣe láyé rẹ̀. Ìyàwó inú ìwé ṣì ń pè é ní "ẹ" o, ẹ má bá mi jà.

Ẹ wá gbọ́ ti fóònù. Ọkọ mi lọ, nọ́ńbà rẹ̀ ṣẹ́kù. Wọ́n sọ fún mi pé bí láìnì bá pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lò ó, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Ni mo bá ń ra káàdì igba náírà sí i lóṣooṣù. Màá ti fóònù náà sínú dúrọ́ọ̀, màá fi tèmi pè é, màá máa gbọ́ bó ṣe ń dún láàárín aṣọ. Ọmọ tó ń ta káàdì ní Pánsẹ́kẹ́ ti mọ nọ́ńbà méjèèjì sórí. Á ní, "Mọ́mì, ti dádì ńkọ́?" Mi ò sọ fún un rí.

Nígbà tó yá, mo lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi l'Ékòó, àìsàn dá mi dúbúlẹ̀ níbẹ̀, ó lé lọ́dún kan kí n tó padà sílé. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Ẹnìkan gbé e, ọmọbìnrin. Ó ní, "Hẹ̀lóò? Ta nìyẹn?" Mo pa fóònù.

Ibẹ̀ ni ti ayé mi parí sí. Mo pa á, mo jókòó, mo lọ fọ abọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin inú ìwé kò pa á. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ náà sì dá a lóhùn. Orí ìdáhùn yẹn ni ìyókù ìwé náà dúró lé. Àròsọ la kúkú ń pè é: kí a rò ó, kí a tó sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ láìrò.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Àìsàn ti dá obìnrin náà gúnlẹ̀, ó ń ka ọkùnrin tó ti bá pàdé àti ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, àwọn kan sì kọ̀wé láti bá a kẹ́dùn. Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń kọ gbogbo rẹ̀. Kò lọ́kọ, kò sì sí lórí àìsàn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé ìtàn òun dára nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní bá a jiyàn, àmọ́ kò kan òǹkàwé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nàwọ́. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, mà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń jẹ owó òkú?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní owó tí ìwé náà pa kò tíì tó èyí tí mo fi ra káàdì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Kí n tó gbé ìwé náà lọ síbi ìtẹ̀wé, mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní Ìjẹmọ̀. Ojú ti ń dùn wọ́n, nítorí náà mo kà á sí wọn létí fún alẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí a dé ibi ṣọ́ọ̀bù aago, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe àbúrò mi." Ọkàn mi balẹ̀. A wá dé ibi tí ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "bàtà pupa yẹn ni, àbí?"

Mi ò kọ àwọ̀ bàtà kankan sínú ìwé náà.