Wáàsí Jímọ̀: Ìlù dún, Ànábì ò fa idà yọ

Àsàlámù àlékúmù wàráhámótúláhì wàbàrákátúhù.

Ẹ jẹ́ ká ṣí Súrátù Jímọ̀ lónìí. Gbogbo wa la mọ aaya kẹsàn-án, èyí tó ní ká fi káràkátà sílẹ̀ tí wọ́n bá ti pe ìrun. Aaya kọkànlá ni àwa oníwàásí kì í sábà dúró lé lórí. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wà ní ìdúró ní Mẹ̀dínà, ó ń ṣe kútúbà lọ́wọ́, ni àwọn oníṣòwò bá kó ọjà wọ̀lú. Àwọn onítumọ̀ kan ní ìlù ni wọ́n fi kéde dídé wọn. Ni mọ́sálásí bá tú! Jábírì ọmọ Abdullah sọ fún wa nínú hádíìsì Bùhárì pé èèyàn 12 péré ló ṣẹ́ kù. Kì í ṣe ààfáà àdúgbò ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ìdúró o, Ànábì fúnra rẹ̀ ni. Ìbáwí wo ni Ọlọ́hun wá sọ̀ kalẹ̀ fún wọn? Ọ̀rọ̀ ni: “Sọ pé, ohun tó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun dára ju eré àti òwò lọ.” Wọn ò na ẹnikẹ́ni, wọn ò lé ẹnikẹ́ni kúrò nínú ẹ̀sìn.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni 13 oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ní gbọ̀ngàn Bataclan ní Paris, èèyàn bíi 1,500 ti péjọ lálẹ́ láti wo Eagles of Death Metal, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti Amẹ́ríkà. (Àwàdà ni orúkọ yẹn, rọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń jó ni wọ́n ń kọ.) Gìtá ń ké, àwọn ọ̀dọ́ ń fò sókè níwájú ìtàgé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ò tíì lù tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi gbé ìbọn wọlé, tí wọ́n dà á bo èrò. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ara eré ni ìró náà. Èèyàn 90 ló kú níbẹ̀, nínú 130 tó kú káàkiri lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó rán wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ISIS, gbé ìwé jáde, wọ́n fi aaya Àlùkùránì ṣí i, wọ́n sì pe àwọn tó wá gbọ́ orin ní abọ̀rìṣà.

Ta ló fún wọn láṣẹ? Nínú Súrátù Máídà, aaya 32, ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan, tí kì í ṣe pé ẹni yẹn pààyàn tàbí ó ṣe ìbàjẹ́ lórí ilẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó pa gbogbo èèyàn.

Ẹnì kan á ní, “Ààfáà, ṣebí háráámù ni orin?” Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, hádíìsì sì wà lọ́wọ́ wọn. Ibn Hazm ní òun ò gbà. Èmi ò lọ síbi irú eré bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní rán ọmọ mi lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí fújì ti inú wéré tí a fi ń jí ara wa ní sààrì jáde, a mọ̀ pé àríyànjiyàn yìí ti pẹ́, a sì ń bá ara wa kírun. Nígbà tí Abúbákárì bá àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń kọrin nílé Áíṣà lọ́jọ́ ọdún, tó jágbe mọ́ wọn, Ànábì ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé gbogbo ìjọ ló ní ọdún tiwọn, èyí sì ni ọdún tiwa.

Mùsùlùmí wà lára àwọn tí wọ́n pa lálẹ́ ọjọ́ náà. Lassana Diarra, Mùsùlùmí, wà lórí pápá tó ń bá Faransé gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Jámánì. Ìbátan rẹ̀ obìnrin kú sí ọwọ́ àwọn apààyàn wọ̀nyí. Olórí ẹ̀ṣọ́ Bataclan, ẹni tí wọ́n bí sí Algeria, ló ṣílẹ̀kùn pàjáwìrì tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rí ọ̀nà sá jáde.

Ẹnu ló kù fún wa, ẹ̀yin òbí. Tí ọmọ bá ní òun ń lọ síbi eré alẹ́ òní, ẹ sọ èrò yín fún un láìfi èébú sí i. Ẹ bi í ibi tó ti máa kírun Ìṣáì, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ, àti bó ṣe máa délé kó tó di Àsùbáà. Tó bá wá lọ náà, ẹ sọ fún un pé kó tó wo ìtàgé, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ilẹ̀kùn pàjáwìrì wà.