Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Nínú Gbọ̀ngàn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ètò Ìwé Kíkà àti Ìjíròrò Láàárín Ará Ìlú

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìrọ̀lẹ́ yín sílẹ̀ láti ṣètò ìpàdé ìwé kíkà fún aládùúgbò, mo kí yín kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Tí a bá pe ará ìlú wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìtàn, lítíréṣọ̀ tàbí àṣà, tí wọ́n sì jókòó fún wákàtí méjì, ta ló sọ̀rọ̀ jù? Bó bá jẹ́ ẹni tó dúró níwájú nìkan ni, lójú tèmi, ètò náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Iye àga tó kún la máa ń kọ sínú ìròyìn. Ohun tí àwọn tó jókòó sórí àga náà sọ ló yẹ ká máa kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1826, Josiah Holbrook dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní lyceum sílẹ̀ ní Millbury, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà ńbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ara wọn ní ohun tí kálukú mọ̀, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Ẹgbẹ́ náà ràn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó yá, àwọn gbajúmọ̀ tó ń gbowó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò mọ́ aládùúgbò lọ́wọ́. Lọ́dún 1868, James Redpath dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Boston tó ń bá àwọn ìlú ṣètò olùbánisọ̀rọ̀, tó sì ń gba ìpín tirẹ̀ nínú owó. Mi ò sọ pé kò dáa kí ìlú kékeré gbọ́ ohùn èèyàn ńlá. Àmọ́ ẹ wo ohun tó yí padà: ẹni tó ń dìde kọ́ aládùúgbò rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń pàtẹ́wọ́, tó sì ń gba ilé lọ.

Àwọn kan wà tí wọn ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Denmark, èrò N. F. S. Grundtvig, pásítọ̀ àti òǹkọ̀wé, ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ará oko ní Rødding lọ́dún 1844, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ṣe pàtàkì ju ìdánwò lọ. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Albert Mansbridge dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1903 láti mú ẹ̀kọ́ gíga dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Lọ́dún 1908, R. H. Tawney bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní Longton àti Rochdale lábẹ́ ètò náà. Àdéhùn tó wà láàárín wọn rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti mú ṣẹ: ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n máa fi kẹ́kọ̀ọ́, wákàtí méjì ni ìjókòó kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, wákàtí kejì sì jẹ́ ti ìjíròrò. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún tó ṣẹ́ kù kí wọ́n tó ti gbọ̀ngàn. Odindi wákàtí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde? Nígbà tí Tawney gbé ìwé ìtàn jáde lọ́dún 1912 lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó dúpẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú lọ́wọ́ ahunṣọ, amọ̀kòkò, awakùsà àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ, pé bí wọ́n ṣe ń ta ko òun ti kọ́ òun ní ohun tí kò rọrùn láti rí kọ́ nínú ìwé. Onímọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Lọ́dún 1995, Earl Shorris bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan ní New York fún àwọn tí kò rí jájẹ, ó sì fi ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, ìtàn, ewì, iṣẹ́ ọnà àti bí a ṣe ń ro àròjinlẹ̀ kọ́ wọn, ní ọ̀nà ìbéèrè àti ìdáhùn. Ohun kan tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ọkọ̀, wọ́n sì ṣètò ẹni tó máa bá wọn mójú tó ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. À ń ráhùn pé ìyá ọlọ́mọ kì í wá sí ìpàdé wa, síbẹ̀ aago méje alẹ́ la fi í sí, a ò sì ṣètò kankan fún ọmọ.

Báwo la ṣe ń ṣe é gan-an? Ẹ mú ojú ìwé kan, ẹ fi odindi ìwé sílẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa má baà tijú. Ẹ to àga yípo. Kí atọ́kùn kà á sókè, kí ẹlòmíràn tún un kà, torí ẹnu kejì máa ń gbé ohun tí ẹnu àkọ́kọ́ fò jáde. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ìbéèrè ìdánwò nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti dójú tì ní ilé ìwé rí yóò panu mọ́. Ẹ bi wọ́n pé: ibo lẹ ti fẹ́ dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí dúró?

Gbọ̀ngàn yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ atọ́kùn ti ń ba ètò jẹ́, torí ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ ń mú kí wọ́n fúnra wọn dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi. Ẹ fara dà á. Ẹnì kan á ní, “Èmi ò gbà pé ìyá yẹn jẹ̀bi.” Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé, “Ẹ wo ìlà kẹrin ná, ó kúkú mọ̀ pé ọmọ náà ń bọ̀.” Gbogbo orí á tẹ̀ sórí bébà. Wọ́n ti ń kàwé nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ kan máa ń sọ fún mi pé báyìí ni irọ́ ṣe ń rí àyè. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn, ojúṣe onímọ̀ ni láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kó sì fi ẹ̀rí hàn. Ká fara balẹ̀ gbọ́ ará ìlú kò ní ká má sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kó tó tún un ṣe, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Nígbà míì, ìtàn ìdílé tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí ló máa ti ibẹ̀ yọ.

Ní ti owó: lọ́dún 1965 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dá National Endowment for the Humanities sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ètò ìtàn, lítíréṣọ̀ àti àṣà lọ́wọ́. Owó rẹ̀ ni àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 56 lónìí, gbára lé jù fún irú ètò yìí. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n fagi lé owó ìrànwọ́ náà lójijì, ètò púpọ̀ sì dúró. Ẹ máa wá owó ìjọba, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni. Ẹ má kàn jẹ́ kó jẹ́ àpò kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé béèrè pé, “Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo gbọ̀ngàn lẹ́nu ńkọ́?” Mo ní, ẹ pín wọn sí mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí wọ́n bá padà jókòó, kí kálukú sọ ohun tí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ, kó má sọ tirẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ náà á ní láti gbọ́ tẹlòmíràn kó tó rí nǹkan sọ.