GPS Yín Kò Bàjẹ́: Bí A Ṣe Ń Gbé OpenCPN Sórí Kọ̀ǹpútà Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ọkọ̀ ni mo wà báyìí, a so ó mọ́lẹ̀ ní Èbúté Èrò. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn mi, ẹ fara dà á, àwọn tó ń lọ Ìkòròdú ló ń kó èrò. Ẹ wo kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi yìí, kò tó búrẹ́dì Àgége kan. Tòkunbọ̀ ni, Debian (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló wà lórí ẹ̀. Èyí dúdú rìbìtì tí mo lẹ̀ mọ́ òrùlé yìí, tí wáyà ẹ̀ ń wọ́ bọ̀ wá sínú USB, òun ni GPS.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lónìí ni pé ká gbé OpenCPN, ètò tí wọ́n fi ń tukọ̀, sórí ẹ̀, kí ọkọ̀ wa máa hàn lórí ṣáàtì, ìyẹn àwòrán ojú omi, bó ṣe ń rìn. Ọ̀fẹ́ ni OpenCPN. Kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè ṣí i wò, kó sì tún un ṣe. Dave Register ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2009, àwọn olùyọ̀ǹda láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló sì ń bá a lọ títí di òní.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi Debian sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ò ṣòro. Ẹ ṣí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ èyí:

sudo apt update
sudo apt install opencpn

Ó parí. Ẹ ṣí i. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan máa kọ́kọ́ jáde pé irinṣẹ́ yìí kì í ṣe àrọ́pò ṣáàtì ìjọba àti ojú ẹni tó ń wakọ̀. Ẹ dákun, ẹ kà á kí ẹ tó gbà. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa rí àwòrán ayé, ọkọ̀ kékeré kan á sì wà lórí ẹ̀, àwọ̀ eérú. Àwọ̀ eérú yẹn ni ká fi sọ́kàn: tó bá ti gbọ́ ibi tó wà lẹ́nu GPS, á di pupa.

Ó yá, ibi tí gbogbo yín ti ń kọsẹ̀ rèé. Ẹ fara balẹ̀.

Ẹ ti ki GPS bọ USB. Iná ara ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ẹ wọ Options, ẹ wọ Connections, ẹ fi tuntun kún un, ẹ mú Serial (ojú tí ọ̀rọ̀ GPS ń gbà wọlé), ẹ mú NMEA 0183 (èdè tí GPS fi ń sọ̀rọ̀), ẹ mú /dev/ttyACM0 (orúkọ tí Debian fún ojú náà), ẹ tẹ OK. Ọkọ̀ ò pupa. Àwọ̀ eérú ló ṣì wà. Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dúró mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni ẹ máa ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o, GPS tí wọ́n tà fún mi ti bàjẹ́."

KÒ BÀJẸ́! Ẹ jọ̀ọ́, kò bàjẹ́. Ẹnìkan ti ju tiẹ̀ sínú ọ̀sà kó tó pè mí, ó dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ kí n fi dánfó ṣàlàyé ẹ̀. Kọ̀ndọ́ọ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń rí ìta. Dẹ́rẹ́bà kì í wẹ̀yìn. Tí èrò bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Adéníji, kọ̀ndọ́ọ̀ á lu ara ọkọ̀ gbàgbà, á ní "Ó wà o!", dẹ́rẹ́bà á sì rọra yà sí ẹ̀gbẹ́. Ó dáa. Tí gíláàsì bá wà láàárín àwọn méjèèjì ńkọ́, tó nípọn, tí ohùn ò lè kọjá? Kọ̀ndọ́ọ̀ á pariwo títí, dẹ́rẹ́bà á gba Adéníji kọjá. Kọ̀ndọ́ọ̀ ò ya odi, dẹ́rẹ́bà ò sì di etí. Gíláàsì yẹn ló jẹ̀bi.

GPS yín ni kọ̀ndọ́ọ̀, OpenCPN ni dẹ́rẹ́bà. Gíláàsì yẹn ni àṣẹ. Lórí Debian, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni kọ̀ǹpútà gbà láàyè láti ka ohun tó ń gba ojú serial wọlé, àfi ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní dialout. Ẹ tẹ groups nínú terminal. Ẹ wo ohun tó kọ jáde dáadáa. Tí dialout ò bá sí níbẹ̀, a ti rí ẹjọ́ náà. Ẹ tẹ èyí:

sudo usermod -aG dialout $USER

Ẹ wo a kékeré tó wà níwájú G ńlá yẹn. Ẹ WO A YẸN! Òun ló ń sọ pé kí kọ̀ǹpútà fi ẹgbẹ́ tuntun kún àwọn tí ẹ ti wà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, á kó yín kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ yòókù, títí kan sudo, ẹgbẹ́ tó ń fún yín ní àṣẹ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí lórí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ oníbàárà kan ní Mákòkó. Mo yọ a, mo tan kọ̀ǹpútà padà, mo tẹ sudo, ó ní òun ò mọ̀ mí. Ọjọ́ Sátidé gbáko ni mo fi tún un ṣe, ẹja tí ọkùnrin náà fẹ́ lọ kó sì wà níbi tó wà. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ka ìlà yẹn sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ Enter.

Ó tán? Kò tíì tán o. Ọ̀pọ̀ yín máa ṣe gbogbo èyí, wọ́n á wá pa OpenCPN nìkan, wọ́n á tún un ṣí. Kò ní ṣiṣẹ́! Ẹgbẹ́ tuntun ò ní mú yín títí ẹ ó fi jáde pátápátá, kí ẹ tún wọlé. Ẹ pa kọ̀ǹpútà. Ẹ tún un tàn. Ẹ tẹ groups lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi ojú yín rí dialout kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Tó bá ṣì wà ní àwọ̀ eérú, ó lè jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà méjì ló ń jà lórí kọ̀ndọ́ọ̀ kan. Ètò kan ṣoṣo ló yẹ kó máa ka ojú serial lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ sudo lsof /dev/ttyACM0, ẹ máa rí ẹni tó dì í mú. Lọ́pọ̀ ìgbà, gpsd ni, ètò tó ń ka GPS fún àwọn ètò mìíràn, tàbí ModemManager, tó rò pé módẹ́ẹ̀mù íntánẹ́ẹ̀tì ni GPS yín. Tí ẹ kì í bá lo módẹ́ẹ̀mù nínú ọkọ̀, ẹ yọ ModemManager kúrò. Tó bá sì jẹ́ gpsd lẹ fẹ́ lò, ẹ má pa á, ẹ ní kí OpenCPN gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀: Network ni kí ẹ mú dípò Serial, pọ́ọ̀tì 2947.

Ti baud, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára gba ojú serial kọjá tó, ò gùn. Tí orúkọ ojú yín bá jẹ́ ttyACM, nọ́ńbà yẹn kì í sábà dí wọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ttyUSB, ó ṣe pàtàkì: ẹ dán 4800 wò, tí kò bá gbà, ẹ dán 9600 wò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù rèé. Nínú Connections yẹn kan náà, ẹ lè ṣí fèrèsé kan tó ń fi ọ̀rọ̀ GPS hàn ní tútù, bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ṣí i. Ẹ wo ìlà tó ní RMC nínú. Èyí tó wà lójú mi báyìí nìyí: $GPRMC, aago, lẹ́yìn náà lẹ́tà kan ṣoṣo. Lẹ́tà yẹn ni kí ẹ wò! Tó bá jẹ́ V, GPS ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì mọ ibi tó wà. Tó bá jẹ́ A, ó ti mọ̀. Tèmi wà ní V nígbà tí mo ń tan kámẹ́rà... ó ti di A báyìí. Ẹ sì wo ọkọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó ti pupa!

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0627, N sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má kà á sí 627 o. Dígírì 6, ìṣẹ́jú 27 ni, lápá àríwá. Èkó gan-an nìyẹn. Aago ẹ̀ sì máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn aago ọwọ́ yín. Aago UTC ló ń lò, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú, nítorí náà kò sí àléébù kankan níbẹ̀.

Tí V bá kọ̀ tí kò kúrò, ẹ gbé GPS jáde lábẹ́ páànù. Ojú ọ̀run ló fẹ́ rí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ V àti A yìí kò ju ohun tí ojú mi rí lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, à ń bọ̀ láti Ìkòròdú, kùrukùru bo ọ̀sà débi pé mi ò rí imú ọkọ̀ tí mo jókòó sí. Bàbá tó ń tukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ká dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Ó wá ń fetí sí mọ́tò tó ń sáré lórí Third Mainland, afárá tí wọ́n ṣí ní 1990 yẹn, ó fi ìró táyà mọ apá ibi tó wà, ó sì rọra gbé wa gúnlẹ̀. Mi ò ní irú etí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ò sì ní in. Ẹni tí kò ní in gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé òótọ́ ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún un.

Ó kan ṣáàtì. Àwòrán ayé tó bá OpenCPN wá yẹn, ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FI TUKỌ̀! Gbàràmù-gbaramu ni wọ́n yà á, ọkọ̀ yín lè wà láàárín ọ̀sà kó fi yín hàn lórí ilẹ̀. Ẹ lọ wá ṣáàtì gidi. Oríṣi ṣáàtì tí OpenCPN ń kà pọ̀: ó ń ka S-57, ó ń ka BSB, ó ń ka MBTiles, o-charts, àwọn tó ń ta ṣáàtì, náà ń ta èyí tó bá a mu. Ẹ kó wọn sí fódà kan, ẹ wọ Options, Charts, ẹ fi fódà náà kún un, ẹ sì ní kó tún gbogbo ẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Àní ṣáàtì gidi pàápàá, ẹ má gba jíjìn omi tó kọ gbọ́ pátápátá nínú ọ̀sà wa. Àwọn tó ń wa yanrìn ń wà á lójoojúmọ́, ibi tí omi ti jìn lánàá lè ti yí padà. Ọ̀pá yín ṣì wúlò.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tan Track ní gbogbo ìgbà. Ẹ bá atukọ̀ tó mọ ọ̀nà rìn lójú ọ̀sán gangan, láti ibí dé Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí OpenCPN máa ya ipa ọkọ̀ sílẹ̀. Ìlà yẹn, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín fúnra ẹ̀ tẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á.

Wọ́n ti ń pè mí, wọ́n fẹ́ tú okùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíákíá: tí ẹ bá dé èbúté, ẹ má kàn fa wáyà bátìrì yọ. Ẹ pa kọ̀ǹpútà ná, kí iná ara ẹ̀ kú tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.