Ṣóńṣó Tó Lọ́ ní Chesterfield

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti London lọ sí Sheffield, ẹ má sùn tán lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó dé, ẹ ó kan ìlú Chesterfield ní Derbyshire. Ẹ yọjú lójú fèrèsé. Ẹ ó rí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ṣóńṣó orí rẹ̀ ga fíofío, àmọ́ tó lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún lẹ́yìn ìfọṣọ, tó sì tún fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á nu ojú rẹ̀. Kì í ṣe ojú o. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́ àti Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi tó o ní gbogbo Derbyshire, síbẹ̀ kì í ṣe kàtídírà. Ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ àdúgbò lásán ni, tí wọ́n ti ń ṣe ìsàmì ọmọ, tí wọ́n ti ń so yìgì, tí wọ́n sì ti ń ṣe ìsìn òkú. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń wò níbẹ̀ lónìí. Bí àgbélébùú ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀, ilé agogo sì jókòó sí àárín, níbi tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú ayé ijọ́un ní yàrá àdúrà tiwọn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ onígi tí àwọn oníṣẹ́ fi ń fa òkúta àti pákó lọ sókè kò tíì jẹrà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Agbára ènìyàn ló ń yí i o, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan.

Ní nǹkan bí ọdún 1362 ni ṣóńṣó náà parí. Láti ilẹ̀ dé téńté rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 228. Igi óákù ni egungun rẹ̀, òjé ni awọ rẹ̀, òjé náà sì tó tọ́ọ̀nù 33. Ó lọ́ ní dígírì 45. Téńté rẹ̀ fi ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 9 kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà. Ìwúwo ara rẹ̀ ló fi jókòó sórí ilé agogo, bí ìyá tó ru agbọ̀n tí kò fọwọ́ dì í mú.

Kí ló ṣe é? Àwọn ará ibẹ̀ ní ìtàn tó pọ̀. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ kan ní Bolsover kan bàtà irin mọ́ èṣù lẹ́sẹ̀, ló bá gún un lẹ́ran, èṣù sì fò sókè pẹ̀lú ìrora, ó ta ṣóńṣó náà nípàá bó ṣe ń kọjá lọ. Òmíràn ní wúńdíá kan ló wá ṣègbéyàwó níbẹ̀, ẹnu ya ilé agogo débi pé ó yíjú wò ó. Ọjọ́ tí òmíràn bá tún wá ni yóò nà padà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Chesterfield fúnra wọn ló ń sọ ọ́.

Èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ igi ń sọ nìyí. Igi tútù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ má dá káfíńtà lẹ́bi: óákù tó bá gbẹ le koko, àáké àti ayùn ọwọ́ ni wọ́n ní, gbogbo ènìyàn ló ń lo igi tútù nígbà náà. Bí igi tútù bá ń gbẹ, á máa súnkì, á sì máa tẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni igi ìdábùú, èyí tí wọ́n ń fi de igi méjì mọ́ra kó má baà yẹ̀. Ìyẹn kò tó nínú ṣóńṣó yìí. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti jà ní England láti 1348, ó pa àìmọye oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan sì gbà pé àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe ti kú tán kí wọ́n tó kan ìdábùú. Mo gbà á gbọ́ dé ìwọ̀n kan. Èmi ò ní gbé gbogbo ẹ̀bi karí àwọn òkú, nítorí òjé wà níbẹ̀. Oòrùn máa ń ràn sí apá gúúsù ju àríwá lọ. Òjé ibẹ̀ á gbóná, á fẹ̀, bó bá tutù kò ní padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ tán. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sọ ìyẹn di púpọ̀. Ẹni tó tẹ́ òjé náà tún tẹ́ ẹ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí egungun ẹja, nítorí náà lójú ẹni tó ń wò ó, ó dà bí pé ó lọ́ ju bó ṣe lọ́ lọ.

Ìdí tí mo fi mú ṣọ́ọ̀ṣì yìí wá síwájú yín nìyí: àléébù ni, òfin sì ń dáàbò bo àléébù náà. Nílé, bí ilé ìsìn bàbá ńlá wa bá ti sán díẹ̀, a ti ń ṣe ìkórè láti wó o, kí a fi ti onígíláàsì rọ́pò rẹ̀. England náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1840, George Gilbert Scott, tó di gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, ló tún ṣọ́ọ̀ṣì Chesterfield ṣe, ó sì fi ṣóńṣó náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní 1877, William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà, gbọ́ ohun tí Scott yìí kan náà ń gbèrò láti ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì Tewkesbury. Inú bí i, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Lọ́dún yẹn gan-an ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ SPAB sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́. Àwọn tó ń "tún" ilé ṣe ní ìgbà náà máa ń họ ara ògiri àtijọ́ títí yóò fi dà bí tuntun. Morris ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó ní kí wọ́n máa tọ́jú ilé lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi ojú ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ yẹn kò ní ariwo. Ewé tó dí ọ̀sọ̀rọ̀ ni. Bí ẹnì kankan kò bá kó o, omi òjò á kún, á yà sínú ògiri, orí igi òrùlé tó wà nínú ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í rà láìjẹ́ pé ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà Ìjọ England láti 1955 fi ní kí ayàwòrán ilé tàbí sàfíyọ̀ yẹ ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún.

Grade I ni ṣọ́ọ̀ṣì Chesterfield, ipò tó ga jù fún ilé tí òfin ń dáàbò bò. Àmọ́ káńsù kọ́ ló ń fọwọ́ sí àtúnṣe irú ilé báyìí fún Ìjọ England. Ìjọ ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ bẹ́ǹṣì, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní faculty. Chancellor dáyósíìsì ló ń dá a. Àwa Áńgílíkà mọ oyè yẹn, lọ́yà àgbà la máa ń fi jẹ ẹ́. Níbẹ̀, adájọ́ ni. Fún iṣẹ́ tó kan ìta ilé, wọ́n ṣì lè ní láti wá ìwé ìkọ́lé lọ́dọ̀ káńsù.

Ìwé kì í pa iná. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, 1961, iná jó apá àríwá ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó jẹ ọ́gáànù tí John Snetzler ṣe ní 1756 run. Díẹ̀ ló kù kó kan ṣóńṣó. Ọ́gáànù tí wọ́n ń lò báyìí, gbọ̀ngàn ìlú Glasgow ni wọ́n ti rà á. Ìwé kì í sì í dá olè dúró. Òjé orí ṣọ́ọ̀ṣì ń wu àwọn tó ń ta irin àlòkù, ọ̀pọ̀ ìjọ ní England ló jẹ́ pé ọjọ́ òjò ni wọ́n tó rí i pé òrùlé wọn ti lọ lóru. Láti ìgbà tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi owó ọwọ́ ra irin àlòkù mọ́, ó dínkù, kò tán. Àwọn Chancellor kan ti gbà kí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà rọ́pò òjé tí wọ́n jí. Àwọn olùfẹ́ ilé àtijọ́ ń kùn. Èmi, mo fara mọ́ Chancellor: òrùlé tí òjò ń wọ̀ kò dáàbò bo ohunkóhun.

Nígbà tí mo parí, màmá kan nídìí ilẹ̀kùn dìde, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ṣé wọn ò wá lè rí ẹni tọ́ ọ nà ni?" Mo ní, "Mà, wọ́n lè rí. Wọ́n á tú òjé rẹ̀, wọ́n á yọ igi rẹ̀, wọ́n á kan tuntun. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ lọ tọrọ àṣẹ, mi ò sì mọ Chancellor tó máa fọwọ́ sí i. Àti pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, orúkọ ìnagijẹ wọn ni Spireites. Ṣóńṣó yìí ni wọ́n fi ń jẹ́." Màmá ní, "Á, wọ́n á jà." Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni mà.