Synthesis: ẹ bi “lówó” léèrè

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ méjì yìí jáde lẹ́nu: “ní”. “Owó”. Ó dáa. Ẹ wá sọ wọ́n pọ̀ kíákíá. “Lówó.” Àbí? Ta ló ní kí “n” di “l”? “i” ńkọ́, ibo ló wọlẹ̀ sí? Ẹ fi í sọ́kàn, a ń padà bọ̀ wá bá a.

Synthesis lọ̀rọ̀ òní. Àwọn Gíríìkì ló ni ín: “syn” ni papọ̀, “thesis” ni gbígbé nǹkan kalẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn rọrùn, òun gan-an ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ “papọ̀” báyìí, àdàlù ló ń wá sí wọn lọ́kàn.

ÀDÀLÙ KỌ́ O! Mo tún un sọ: àdàlù kọ́.

Ẹ da iyọ̀ mọ́ yanrìn. Àdàlù nìyẹn. Ẹ bu omi sí i, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ: iyọ̀ á bá omi lọ, yanrìn á jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbàgbé ara rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Iyọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Sodium wà níbẹ̀, irin tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè gé e, tó máa ń hó yaya tó sì lè gbiná bó bá kan omi. Chlorine wà níbẹ̀, gáàsì olóró tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sójú ogun ní Ypres lọ́dún 1915. Àwọn méjì yìí ló pàdé tí wọ́n di ohun tí à ń fi sẹ́nu. Ẹ wá lọ fi asẹ́ yọ chlorine jáde nínú iyọ̀, kí n rí i!

Ó yá, “lówó”. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má bínú. “n” yí padà. “i” já bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí dáadáa: ohùn òkè tó wà lórí “ní” kò bá “i” lọ. Ó fò sórí “o”! Ohùn àárín ni “owó” fi bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní báyìí ohùn òkè ló gbé lérí. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa: bí amino acid méjì, ìyẹn àwọn ègé tí protein fi ń di odidi, bá so mọ́ra níbi tí ara ti ń ṣe protein, molecule omi kan máa ń já bọ́ láàárín wọn. Omi yẹn ni “i” wa.

Photosynthesis, ẹ ti kọ́ ọ nílé ìwé. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Lọ́dún 1828, Friedrich Wöhler, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Jámánì, ń gbìyànjú láti ṣe kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonium cyanate. Urea ló bá níbẹ̀, urea tó máa ń wà nínú ìtọ̀. Ló bá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, Berzelius, pé òun lè ṣe urea láìlo kíndìnrín kankan, ì báà ṣe ti èèyàn tàbí ti ajá. Ibi tó dùn jù rèé: átọ́ọ̀mù tó wà nínú ammonium cyanate náà ló wà nínú urea, iye kan náà, kò lé kò dín. Bí wọ́n ṣe tò nìkan ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé sọ pé synthetic túmọ̀ sí ayédèrú. SYNTHETIC KÌ Í ṢE AYÉDÈRÚ! Dáyámọ́ńdì tí General Electric ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, carbon ni, dáyámọ́ńdì gidi ni. Gíláàsì tí wọ́n gé kó máa dán bíi dáyámọ́ńdì ni ayédèrú.

Ẹ̀yin olórin, mo rí yín. Lọ́dún 1967, John Chowning, olórin kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, mú ìgbì ohùn kan, ó fi í mi ìgbì kejì, ó ń mì ín kíákíá, kíákíá sí i, títí etí ò fi gbọ́ mímì mọ́. Agogo ló ń gbọ́, fèrè ló ń gbọ́! Ìgbì lásán méjì péré o! Bó ṣe di FM synthesis nìyẹn, òun ló sì wà nínú dùùrù oníná Yamaha DX7 tó jáde lọ́dún 1983.

Ti àwọn tó ń ṣe chip kò gùn: wọ́n á fi Verilog, èdè tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe chip fún kọ̀ǹpútà, kọ iṣẹ́ tí chip máa ṣe, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di àwọn gate, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú chip, tó máa ṣe é. Synthesis ni wọ́n ń pe ìyẹn náà.

Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, wá kù. Háà. “Thesis, antithesis, synthesis, Hegel ló sọ ọ́.” Irọ́! Fichte, onímọ̀ ọgbọ́n-orí Jámánì míì, ló ń lo mẹ́ta yẹn: èrò kan, èrò tó takò ó, àti èyí tó so méjèèjì pọ̀. Chalybäus, onímọ̀ ọgbọ́n-orí lòun náà, ló fi í ṣàlàyé Hegel nínú ìwé kan lọ́dún 1837, Hegel sì ti kú láti 1831. Ọ̀rọ̀ tí Hegel fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ni “aufheben”, èdè Jámánì, tó túmọ̀ sí pé kéèyàn pa nǹkan rẹ́, kó pa á mọ́, kó sì tún gbé e sókè, lẹ́ẹ̀kan náà. Pa á rẹ́, pa á mọ́! “i” ti pa rẹ́, ohùn òkè rẹ̀ wà ní ìpamọ́. Ṣé ẹ rí ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ lórí “lówó”?

Ẹ̀yin tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí, tiyín rèé, ẹ̀yin lẹ sì ń ṣì í jù. “Lágbájá sọ báyìí. Tàmẹ̀dù sọ báyìí.” Iyọ̀ àti yanrìn nìyẹn. Èmi náà ṣe é rí, ojú ewé 14, olùkọ́ mi dá a padà pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo: “Ìwọ dà?” Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tó yá, mo kọ ìbéèrè mi sókè tákàdá, mo wá ibi tí àwọn tí mo kà ti takora, mo sì bẹ̀rẹ̀ síí béèrè ohun tó fà á: ṣé àwọn èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ló yàtọ̀ ni, àbí bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Ìdáhùn yẹn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ojú ewé 14 di 5.